Ìràwọ̀ Tó Gba Iná Ẹnìkejì Rẹ̀

Orí bẹ́ǹṣì ni obìnrin náà dúró sí nígbà tí Olúgbádé kọ́kọ́ rí i, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbògùn. Ó gbójú sókè, gèlè rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn ọrùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀.

Wẹ́dà ni Olúgbádé, Ifọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó gbé ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ní kó jó fún awò ìràwọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ rọra o, Tíṣà. Irin ni mo mọ̀ ọ́n jó, n ò mọ eegun tò."

"Ẹ wá di bẹ́ǹṣì mú nígbà náà."

Ayọ̀níkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ físíìsì, opó tí kò bímọ. Ẹsẹ̀ irin náà kò lábùkù kankan, síbẹ̀ Olúgbádé ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ mọ̀, kò sì bi í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní kó wo inú awò náà.

"Agbo ìràwọ̀ kan nìyẹn. Ìgbà kan náà ni Ọlọ́run dá gbogbo wọn. Àwọn tó tóbi ló ń tètè jó tán. Wọn a wú, wọn a pọ́n, wọn a sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tó ṣì ń dán bí aró, bí ẹni pé àná la bí wọn."

"Ṣé wọ́n ń pa irun láró ni?"

Ayọ̀níkẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀.

"Méjì méjì ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ń rìn. Bí ọ̀kan bá darúgbó, tó wú, ara rẹ̀ a máa ṣàn sọ́dọ̀ ìkejì. Ìkejì a gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, a sì tún di ọ̀tun. Èyí tó fún un a wá kù kékeré, funfun, a máa tutù lọ. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kọlu ara wọn, tí wọ́n di ọ̀kan."

"Èyí tó di ọ̀kan yẹn wù mí," ni Olúgbádé wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ gbọ́ ti èyí àkọ́kọ́ ná. Èmi gan-an ni."

Ó sọ fún un. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló kọṣẹ́, ọkọ rẹ̀ sì fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ara Ayọ̀níkẹ́ wá le, ó tún ń dán. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mọ́tò kọlu ọkọ náà ní Ìbàfò, ó sì kú. Àwọn àna rẹ̀ wo ojú rẹ̀ tó ń dán, wọ́n ní ó ti jẹ ọkọ rẹ̀.

Olúgbádé kúrò nídìí awò náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ kí màmá mi."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wọn dé Mówe, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Opó ni Màmá Gbádé, Olúgbádé nìkan sì ni ọmọ rẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ìyá kò ní kó dìde.

"Tíṣà, wọ́n ní o jẹ ọkọ rẹ."

"Mi ò jẹ ẹ́, mà. Ó fún mi ni."

"Èyí tó fún ọ yẹn, ṣé títí ayé ni?"

"Rárá, mà. Ó lè kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Bó bá wá kọṣẹ́ ńkọ́?"

"Màmá, màá fún un ní tèmi," ni Olúgbádé wí.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó tún jókòó.

"Gbádé, má sọ bẹ́ẹ̀," ni Ayọ̀níkẹ́ wí. Òun tí kì í pè é ní ìwọ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí ìyá. "Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run, mà, n ò ní gba ohunkóhun lára rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, màá máa lọ báyìí, n ò sì ní wá a mọ́."

Màmá Gbádé wò ó títí.

"Nígbà tí ọkọ rẹ fẹ́ fún ọ, ṣé o kọ̀ fún un báyìí?"

"Mo kọ̀, mà. Ó sunkún. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi èkejì ṣe tí èmi ò bá sí nílé."

Màmá Gbádé fi etí aṣọ nu ojú. "Ọwọ́ mi ni bàbá Gbádé kú sí. Ká ní ohun kan wà lára mi tó ṣeé yọ fún un ni, mi ò bá má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró." Ó mí kanlẹ̀. "Gba ẹ̀jẹ́ yẹn padà, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kí ni orúkọ ọkọ rẹ?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Ayọ̀níkẹ́ ní ìbéèrè yẹn.

"Olúdáre, mà."

Màmá Gbádé gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì dijú.

"Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ nítorí Olúdáre, tó bá wa tọ́jú ọmọ yìí títí a fi dé."

"Àmín," ni Olúgbádé wí.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ Ayọ̀níkẹ́ mú.

"Ìyàwó mi, dìde. Wá bá mi bu oúnjẹ ọkọ rẹ."