Ojú Tí Kámẹ́rà Náà Ń Wá

"Ẹ má mì! Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀. Ẹ má mì o!"

Ohùn yìí ni gbogbo àdúgbò fi mọ ìyá Tíńtín. Ogún ọdún ló ti fi ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò sì sí ẹni tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ rí, níwájú aṣọ funfun tó ta mọ́ ògiri, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn gbàgbé orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Má-Mì. Bí àwọn ọmọdé bá ń jà lójú pópó, ẹnìkan á kàn kígbe pé, "Má-Mì ń bọ̀!" gbogbo wọn á sì dúró gbagidi.

Tíńtín ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí ni pé ìyá rẹ̀, tó ti fi ogún ọdún bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mì, ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa mì lọ. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ló bẹ̀ ẹ́ kó wá ya fọ́tò ìdíje eré sísá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọjọ́ méjì gbáko. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, òun ni yóò máa ya gbogbo eré wọn láti ìgbà náà lọ. Bí kò bá dára, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà kò fi bò fún un.

Nítorí iṣẹ́ yìí ló ṣe ra kámẹ́rà tuntun. Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣí páálí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì nù wọ́n gbẹ, bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun jòjòló. Lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé. Má-Mì tẹ bọ́tìnnì, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?" Ó gbé e sétí. "Ti àtijọ́ á dún kà, kí n lè mọ̀ pé ó ti mú un. Èyí dákẹ́ bí olè."

"Mọ́mì, ó ti ya ogún fọ́tò o," ni Tíńtín wí, tó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. "Ẹsẹ̀ mi ni gbogbo wọn."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Má-Mì fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ṣí ìwé ńlá tó bá kámẹ́rà náà wá, ó ní, "Gbọ́ o, ìyá mi. Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí títí màá fi ka ìwé rẹ̀ tán. Kì í ṣe pé mo ń ṣahun. Ẹ̀rọ tí a ò tíì mọ̀, tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri, a lè kọ́ ọ ní ohun tí àwa fúnra wa ò mọ̀ pé a kọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ọ̀tọ̀, ṣíṣe ọ̀tọ̀.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ méjì, Má-Mì lọ sí pápá lọ wo ibi tí oòrùn máa ń wà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kì í lọ ya ohunkóhun láìkọ́kọ́ lọ wo oòrùn ibẹ̀. Tíńtín nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó fi okùn bàtà eré sísá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó lè lé e bá ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Òun náà yóò sá eré ọgọ́rùn-ún mítà níbi ìdíje náà.

"Kámẹ́rà tó ò ń fi yangàn dà? Jẹ́ kí n rí i."

"Mọ́mì ní kí n má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ ṣùtì. "Ọmọ oníkámẹ́rà tí kò lè tan kámẹ́rà! Kò burú. Gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́ ọ lọ́la."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Tíńtín lára. Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó, ó ti gbé kámẹ́rà jáde. Wọ́n ń tẹ ibí, wọ́n ń tẹ ọ̀hún, títí wọ́n fi dé ibì kan tí kámẹ́rà ti ní òun lè fi ojú ẹnìkan pamọ́ sínú ara òun. Bí wọ́n bá ti fi ojú náà hàn án lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni náà tilẹ̀ wà láàrin ọgọ́rùn-ún ènìyàn, òun ni kámẹ́rà yóò máa wá, òun ni yóò sì jẹ́ kó mọ́ kedere.

"Fi tèmi sí i!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Tíńtín fi í sí i. Àmì kékeré aláwọ̀ ewé kan yọ, ó sì jókòó sójú Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ sá lọ sẹ́yìn aṣọ funfun, ó yọjú. Àmì náà mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó yọjú. Àmì náà tún mú un. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Àfìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn Má-Mì níta, tó ń kí àwọn aládùúgbò. Kíá, Tíńtín pa ẹ̀rọ náà, ó nù ún, ó dá a padà sínú páálí, gẹ́gẹ́ bó ṣe bá a gan-an. Àwọn méjèèjì ti gbàgbé ojú tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Kámẹ́rà ní tirẹ̀ kò gbàgbé.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ẹni tó bá mọ Má-Mì ní ṣọ́ọ̀bù nìkan, kò tíì mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun bí ó bá gbá ilẹ̀, òun ló dojú bolẹ̀ gbalaja sórí koríko láti ya àwọn tó ń fò jìnnà. Kò lé ẹnikẹ́ni kiri. Ṣe ló máa ń lọ jókòó de eré níbi tí eré ń bọ̀. Ojú kan wà nínú kámẹ́rà, èkejì là sílẹ̀, ó ń wo ohun tó kàn.

"Tí o bá dúró dìgbà tí o rí i kí o tó tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ," ló ń sọ fún Tíńtín, tó gbé àpò bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí o ti máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ara rẹ bá sọ fún ọ pé ó ń bọ̀."

Nígbà tó fi àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ hàn án, Tíńtín sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ọmọkùnrin kan ló fò sínú yanrìn, yanrìn sì tú sókè, ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka hóró yanrìn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí Tíńtín wú. Ìyá tèmi rèé, ló ń sọ lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn ọmọbìnrin fún ìpele àkọ́kọ́ eré ọgọ́rùn-ún mítà. Àwọn mẹ́jọ ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láàrin ni ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ pupa wà, láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ìbọn dún. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, aláṣọ pupa ti fi gbogbo wọn sílẹ̀. Nígbà tí aago ńlá pápá gbé iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ jáde, gbogbo pápá dìde. Kò sí ọmọbìnrin tó sá a bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ipò kẹrin, òun náà rí ọ̀nà wọ àṣekágbá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ sáré tọ Má-Mì wá. "Ṣé ẹ mú un? Ẹ jẹ́ kí n rí i! Èyí gan-an la máa gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà pápá."

"Mo mú un," ni Má-Mì wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń wo fọ́tò.

Ogójì fọ́tò ló wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, aláṣọ pupa wà níwájú, ṣùgbọ́n ó rí bàìbàì bí èéfín. Lẹ́yìn, létí fọ́tò, ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wà, ó mọ́ kedere, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Tíńtín rántí ojú tí wọ́n fi pamọ́ sínú kámẹ́rà.

Má-Mì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú padà, ó tún wò ó. "Ẹ má bínú, sà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ọ̀la ni àṣekágbá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó."

Lẹ́yìn ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí, Tíńtín fa Ọ̀kẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé ìyẹn náà lò ń torí ẹ̀ gbọ̀n? Pa ojú mi rẹ́ kúrò níbẹ̀, ó parí. Ta ló máa mọ̀? Kámẹ́rà kì í rojọ́."

Nígbà tí Má-Mì lọ fọ ọwọ́, Tíńtín pa á rẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, Má-Mì kò bọ́ bàtà rẹ̀. Ó jókòó síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kámẹ́rà àtijọ́, èyí tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, lé ẹsẹ̀, ó ń fi ìka nù ún.

"Mo fẹ́ pe akọ̀wé," ló wí. "Kó wá ẹlòmíràn fún ọ̀la."

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Ojú mi ni. Iwájú mi gan-an lọmọ yẹn wà, òun ni mo dojú kọ, ẹlòmíràn ni mo mú. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ojú yìí jẹun. Tí ojú bá ti ń parọ́ fún oníkámẹ́rà, kó yáa máa ya àwọn tó jókòó."

"Bóyá kámẹ́rà ni kò dáa."

"Kámẹ́rà kọ́. Ṣebí o rí ti àwọn tó fò. Èmi ni mo ti ń darúgbó, ìyá mi."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló gún Tíńtín lọ́kàn. Ó ti pa ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́ nínú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì tó lè tẹ̀ láti pa èyí rẹ́ lọ́kàn ìyá rẹ̀. Má-Mì ti mú fóònù, ó ti ń tẹ nọ́ńbà.

"Mọ́mì, ẹ má pè é! Èmi ni!"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páálí tó ṣí dé orí ojú tó pa rẹ́ ní kọ̀rọ̀.

"Ojú mi kọ́?" ni Má-Mì bi í.

"Ojú yín kọ́, Mọ́mì."

Má-Mì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú náà. Tíńtín kò mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe ṣí ọwọ́ tó rí i pé méjèèjì ni. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. "O jẹ́ kí n jókòó síbí, kí n máa sin ojú mi láàyè, ìwọ sì mọ̀! Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́la, ẹ̀yìn okùn lo máa dúró sí, láàrin àwọn òǹwòran. O ò ní gbé bátìrì kan ṣoṣo." Ó fi fóònù sílẹ̀. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn ń fẹ́ kọjú sí àwọn tó ń sáré. Láti ẹ̀yìn okùn, Tíńtín ń wo ìyá rẹ̀ lórí àpótí kékeré rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó dákẹ́, ó ń dúró de ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Kò rí i kó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìbọn dún. Aláṣọ pupa ló tún gbé ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò jẹ́ kó yá tó ti àná. Nínú fọ́tò tí Má-Mì yà, ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì kúrò nílẹ̀, àyà rẹ̀ ń kan ìlà, ẹnu rẹ̀ là. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bàìbàì. Akọ̀wé wò ó, ó sì pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ló ní Má-Mì ni yóò máa ya gbogbo eré àwọn.

Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni aláṣọ pupa wá. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí fọ́tò ti àná? Ti òní dáa, ṣùgbọ́n ti àná ni mo sá jù. Ìyá àgbà mi ò lè rìn wá. Mo ti sọ fún wọn pé wọ́n máa rí i."

Má-Mì kàn wo Tíńtín. Tíńtín fo okùn kọjá, ó gba kámẹ́rà, ó fi èéfín pupa náà hàn án, ó sì sọ ohun tí òun ṣe. Ọmọ náà wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ìyá àgbà ò ní mọ̀ pé èmi ni," ló wí jẹ́jẹ́.

Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ì bá rọ Tíńtín lọ́rùn.

Ìyà tí Má-Mì fi jẹ ẹ́ kò ju pé kó máa ka ìwé kámẹ́rà náà sókè fún òun lálaalẹ́, láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ó lé ní irínwó ojú ewé. Nígbà tí wọ́n fi kà á tán, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà ju Tíńtín lọ ní gbogbo àdúgbò, ìyá rẹ̀ sì fúnra rẹ̀ gbé e lé e lọ́wọ́.

Títí dòní, fọ́tò àṣekágbá wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ kìn-ín-ní, èéfín pupa yẹn, Tíńtín fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà a máa bèèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ gbé fọ́tò tó bàjẹ́ kọ́?" Má-Mì kì í dáhùn. Tíńtín ló máa ń dáhùn.

"Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe, torí kí ọ̀rẹ́ mi má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ìyá mi rí ojú wọn gbà padà. Ká ní ọjọ́ tí mo ṣe é gan-an ni mo jẹ́wọ́, ìyá àgbà ọmọ yìí ì bá rí ojú ọmọ ọmọ wọn náà. Òtítọ́ dára nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n èyí tó bá pẹ́ kí ó tó dé kì í bá gbogbo nǹkan nílé."

Oníbàárà á padà jókòó sórí àpótí. Má-Mì á sì gbé kámẹ́rà sójú.

"Ó tó. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má mì."