Ẹran Tí Kò Dé Òdo

Ẹ má pe èyí ní àlọ́ o. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, bí a bá lè pe bó ṣe wà yẹn ní wíwà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á yínmú, wọ́n á ní irọ́ ni. Ó dáa. Kí Ọlọ́run má fi ohun tó máa mú wọn gbà á gbọ́ hàn wọ́n.

Ilé ìwádìí kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa gíláàsì gbígbóná títí á fi tín-ín-rín ju irun orí lọ, kó fi ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún sẹ́ẹ̀lì ara. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ẹran inú ni wọ́n ń wò níbẹ̀: ìfun, àpòòtọ̀, àpò ikùn, ẹran tó ń sún kì fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O lè ní kí apá rẹ gbé korobá. O ò lè ní kí ikùn rẹ dákẹ́.

Iyọ̀ ló ń darí rẹ̀, àwọn hóró iyọ̀ tíntìntín tó gbé iná lára. Pòtáṣíọ̀mù kún inú sẹ́ẹ̀lì, sódíọ̀mù kún ìta. Awọ sẹ́ẹ̀lì ń jẹ́ kí pòtáṣíọ̀mù yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kì í sáré ṣílẹ̀kùn fún sódíọ̀mù. Nítorí náà, iná inú máa ń lọ sílẹ̀ ju ti ìta lọ. Gún ẹran tó wà láàyè, ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn iná á já wá sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí kálísíọ̀mù bá wá ráyè wọlé, ọwọ́ ẹ̀rọ á gòkè, ẹran á sún kì. Bí ẹran bá kú, kò sí ohun tó ń dá iyọ̀ padà sáyè rẹ̀ mọ́. Inú àti ìta á dọ́gba, ọwọ́ ẹ̀rọ á sì padà sí òdo. Bí ikú ṣe rí nínú yàrá yẹn nìyẹn.

Ọ̀gá ní òfin kan. Bó bá jẹ́ ẹran ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á nù àfi tí ọwọ́ ẹ̀rọ bá dé òdo. Ó ní ọ̀wọ̀ tó kéré jù tí èèyàn lè bọ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Kókó kan wá yọ sí ọkọ Abẹ́rẹ́ níkùn. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú díẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ìyàwó òun lára ẹran tí wọ́n bá gé. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n ṣí inú mi sílẹ̀ fún òun. Ó yá, kó wá wò ó."

Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ebi pa á.

"Ìyá ọmọ, ṣíbí kan péré."

"Rárá o. Ẹ ní sùúrù, baálé mi. Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ ó jẹ àjẹyó."

Kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Abẹ́rẹ́ padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò yẹ kí o tíì wá."

"Kí ni kí n máa ṣe nílé?"

Ọ̀gá kò wo ojú rẹ̀. "Ẹran ọkọ rẹ ṣì wà lórí tábìlì."

"Ẹ ò tíì dà á nù?"

"Kò tíì dé òdo."

Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà nínú àwo omi iyọ̀ rẹ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn ń hó nínú rẹ̀. Kò yẹ kó lo ju ọjọ́ kan lọ. Ara ẹni tó ni ín ti wà nínú ilẹ̀. Ọ̀gá pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ó wá da pòtáṣíọ̀mù sínú àwo títí ìta fi kún bí inú ṣe kún. Kò sí ẹran tó lè yẹ èyí sílẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, òdo ló kù. Ẹran náà sún kì. Ọwọ́ ẹ̀rọ kò kúrò níbi tó wà ní ìsàlẹ̀ òdo.

Ọ̀gá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sórí tábìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá obìnrin yìí lẹ́bi, ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé sí i. Opó tó gbọ́ pé ibì kan ṣì kù lára ọkọ òun tí kò tíì kú, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó gbé àga sún mọ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló jókòó sí di ọ̀sán, tó ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní ohùn kékeré kan, tó máa ń ké tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń mì. Bí ọmọrí abọ́ ṣe ṣí, ó bẹ̀rẹ̀.

Wúù. Wúù.

Ẹran náà ń sún kì, ó ń tú, ó tún ń sún kì, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa ṣe máa ń ṣe. Abẹ́rẹ́ fi ṣíbí sẹ́nu. Ó gbé e mì. Ohùn náà rọlẹ̀. Ó jẹ gbogbo ìrẹsì náà tán, ẹran náà sì tú sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó sinmi.

Àmọ́ òun kò yó. Ó dà bíi pé kò fẹnu kan nǹkan kan.

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń jẹ, ẹran ń yó. Ó fi abọ́ ńlá rọ́pò abọ́ kékeré. Ọrùn rẹ̀ gùn. Òrùka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi ìfọ̀wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀. Aránṣọ ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, aṣọ ló sì kọ́kọ́ tú àṣírí.

"Màámi, mo tún máa dín aṣọ yìí kù. Ẹ̀ ń jẹun ṣá?"

"Mò ń jẹun."

"Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Ó jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, òkìtì oúnjẹ tó tó ọkùnrin méjì. Ọmọ náà wò ó títí, ẹ̀rù sì bà á. Ìgbà yẹn ni ìyá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ dà á nù, Màámi."

"Kò tíì dé òdo."

"Ẹ̀yin lẹ máa dé òdo!" Ó bú sẹ́kún. "Mo ti sin ẹnìkan. Mi ò lókun láti sin ẹnì kejì. Ẹ gbà mí."

Èyí ló mú kó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wo egungun èjìká rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ.

"Èmi ni mo ṣòfin yẹn. Èmi náà ni mo fagi lé e. Lọ dà á nù. Mi ò fẹ́ wà níbẹ̀."

Ó wọlé lóun nìkan. Ó pa iná tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti atẹ́gùn pa. Omi tutù, ìhó rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ọwọ́ ẹ̀rọ kò mì. Ó di àwo mú, kó gbé e lọ sídìí ihò omi. Ó dúró. Oòrùn ti dé àárín ọ̀run lójú fèrèsé.

Wúù.

Ó mọ̀ pé bí òun bá fún un lóúnjẹ, òun á kú. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dà á nù báyìí, ebi ni ọkùnrin náà tún máa bá lọ, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ òun. Wúù. Wúù. Fóònù dún.

"Màámi, ẹ ti dà á nù?"

"Mo ti dà á nù."

Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti ṣí abọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, ó ń sọ fún ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí, kó lè lọ ní àyó. Ó bu ìrẹsì kún ṣíbí.

Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi."

"Mò ń gbọ́."

"Ta lẹ jọ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ má purọ́ fún mi. Mò ń gbọ́ ẹni tó ń jẹun."

Abẹ́rẹ́ wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì kún. Kò tíì gbé e kan ẹnu. Ẹ̀rọ ti dákẹ́, gbogbo yàrá ti dákẹ́, òun náà sì wá ń gbọ́ ìró ẹnu tó ń jẹun.