Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Sinimá

Wọn kò tíì tan ẹ̀rọ orin nígbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ọ̀fun mi.

Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Olúbùkọ́lá, ti kú. Akọrin òpẹ́rà ni. Bó bá gbé ohùn sókè láìlo maikirofóònù, gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary, ní Kánádà níbí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ òpẹ́rà wọn fà sẹ́yìn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó wá sí basement wa, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Saddle Ridge. Láìpẹ́, wọ́n dá Ṣínà ọkọ mi náà dúró níbi iṣẹ́. Ó di ẹni tó ń jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń kọrin nísàlẹ̀, ojú Ṣínà á le, á ní:

"Sọ fún un kó dákẹ́." Nígbà tó yá: "Sọ fún un kó máa lọ."

Mo sọ ọ́. January ni, snow ti bo àtẹ̀gùn.

"Kò burú, àbúrò mi," ni gbogbo ohun tó wí. Kí oṣù tó parí, òtútù àyà pa á nínú yàrá kan tó háyà ní Martindale, àdúgbò kejì sí tiwa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Dàpọ̀, ló ń ya sinimá nípa ayé ẹ̀gbọ́n mi. Torí pé mo jọ ọ́, ó ní kí n ṣe ipa ẹ̀gbọ́n mi: kí n ṣáà máa la ẹnu, wọn yóò fi ohùn rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sí i. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló fúnra rẹ̀ kó jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ sínú eré náà.

Ọ̀sán gangan ni a ń ya ibi tó ti gbé àpótí rẹ̀ jáde nílé wa. Ohun tútù kan gun àyà mi wá sókè, bí ẹni gbé yìnyín mì. Orin jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́:

"Àbúrò mi ló lé mi. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn. Ó ń wò mí lójú fèrèsé."

N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

"Aunty Fẹ́yì," Dàpọ̀ rọra béèrè, "ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ká yọ ọ́?"

"Má yọ ọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sinimá náà hàn, Ṣínà jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dún, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

"Ó kan ilẹ̀kùn, o ò ṣí i?"

Òun tó ní kí n lé e! Ó dìde, ó jáde, kò sì padà sílé mọ́ títí dòní. N kò lè pè é padà. Ojú mi wà lára àwòrán: ohùn náà ń sọ̀rọ̀ lọ, gbogbo èèyàn ń gbọ́, ṣùgbọ́n nínú àwòrán náà, ẹnu mi pa dé pinpin.