Dókítà Ètè, Dìde

Ètè tó bẹ́ ló gbé ọmọbìnrin kan wọ ilé ìtajà oògùn. Ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ó na ìka sí ìpara tó wà lórí pẹpẹ. Apòògùn ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, bi í léèrè pé, "Ta ló lù ẹ́?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tún ṣẹ̀jẹ̀. "Fèrè ni. Mò ń fun fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ olórin jáàsì ńlá tó wà lókè pópó yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, ó ń dùn mí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ètè san tán, ó ṣì ń wá gba ìpara. Ó sọ apòògùn ní Dókítà Ètè, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ orúkọ náà. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára débi pé bí ọ̀kan ò bá rí èkejì lóòjọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun.

Àmọ́ apòògùn kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà ló dá tọ́ ọ, ẹ̀rù ẹnu rẹ̀ sì ń bà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣeré ńlá kan tí wọ́n máa gbà sílẹ̀ sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ó mú ìyá rẹ̀ dání. Ó rò ó pé tí orin bá ti wọ̀ ọ́ lára tán, òun á fi àfẹ́sọ́nà òun hàn án.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n so máíkì rọ̀ sókè orí èrò kí àtẹ́wọ́ lè wọ inú àwo. Ọmọbìnrin náà dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó fun fèrè.

Ìyá fẹnu sétí ọmọ rẹ̀. "Wo bó ṣe wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi bọ́ọ̀lù! Ta ló máa gbé eléyìí sílé?"

Kí apòògùn tó lè lanu, orin ti parí, ọmọbìnrin náà sún mọ́ máíkì. "Ẹni tó ń tọ́jú ètè mi ni mo fẹ́ fun èyí tó kàn fún. Dókítà Ètè mi, dìde kí wọ́n rí ẹ."

Apòògùn kò dìde. Ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọ̀tún wo òsì. Ìyá rẹ̀ wúkọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó jọ pé ó ti sá lọ," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó gbé fèrè sẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, kò yà sílé oògùn mọ́. Apòògùn kò sì lójú láti wá a lọ. Ìtìjú bá a débi pé tó bá rí ẹni tó gbé àpótí fèrè lójú pópó, á yà bàrá.

Nígbà tí àwo jáde, ó rà á. Ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó gbé e sórí gírámáfóònù. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti wọlé, ó dúró lẹ́yìn òun.

"Gbé abẹ́rẹ́ yẹn padà sẹ́yìn díẹ̀," ni ìyá wí. Ó tẹ́tí sí bí ọmọbìnrin náà ṣe ń pe Dókítà Ètè. "Ikọ́ mi nìyẹn! Ta ni ọmọ yìí ń pè tí kò dáhùn?"

"Èmi ni, Màámi."

"O jókòó tì mí, wọ́n ń pè ẹ́, o dákẹ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ̀rọ̀ sí i…"

"Má fi mí bojú! Èmi ò mọ̀ ọ́n rí, mo kàn ń ṣẹnu lásán ni. Ìwọ mọ̀ ọ́n." Ìyá jókòó, ó fọwọ́ lérán. "Ojú ti èmi náà. Mo bú ọmọ ọlọ́mọ. Dìde, ká lọ."

Ọmọbìnrin náà ń nu fèrè rẹ̀ níbi ìdánrawò nígbà tí apòògùn wọlé.

"Mo gbọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn," ni apòògùn wí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Mò ń wò ẹ́ látorí ìtàgé. Mo rí ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ó sì yé mi. Àwọn tó ra àwo ń yìn mí, wọ́n ní orin tó tẹ̀ lé e yẹn ló dùn jù. Wọn ò mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun."

Omi bọ́ lójú apòògùn. "Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ràn ẹ, mo sì sẹ́ ẹ. Tí o bá ní kí n máa lọ, ẹjọ́ ẹ kọ́."

Ọmọbìnrin náà bojú wo ẹnu ọ̀nà. "Ìyá yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níta. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé àfi tí ìwọ fúnra ẹ bá pe àwọn."

Ọmọbìnrin náà gbé fèrè kalẹ̀, ó jáde. Láti ẹnu ọ̀nà, apòògùn gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. "Ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa nípa ẹ. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Ojo ni ọmọkùnrin mi, àmọ́ kì í ṣèèyàn burúkú."

"Ojo gidi ni! Ẹ má dúró sínú oòrùn, Màámi. Ẹ wọlé."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Apòògùn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó dúró sáàárín àwọn olórin, inú rẹ̀ ń dùn, kò sì mọ ibi tí òun á gbójú sí.