Kí Ló Jí Ọ Láàárọ̀?

Bàbá Géètì, ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́, ló rí i. Tíṣà Ìṣirò wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, kò mira, ẹ̀jẹ̀ sì wà ní igun tábìlì. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Lára ògiri, ọ̀kan nínú àwọn àtẹ bébà ńlá tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe fún iṣẹ́ ìṣirò ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni wọ́n rán wá. Má-kánjú làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan títí á fi wo ilẹ̀ wo òkè. Nígbà tó dé, wọ́n ti gbé tíṣà lọ sílé ìwòsàn. Kò tíì lajú.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe bá a?"

"Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọ̀gá. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di orí rẹ̀. Kókó rẹ̀ wà lẹ́bàá etí, kò kan egbò. Wọ́n tún fi àpò ìwé tì í lẹ́yìn kó má baà yí dànù."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ dì í?"

"Èmi? Okùn bàtà mi gan-an, ìyàwó mi ló ń bá mi dì í."

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti tíṣà jọ fa ọ̀rọ̀ lánàá."

Bàbá náà fọwọ́ lu itan. "Ṣé kí n má bínú ni? Ó ní káwọn ọmọ máa ṣọ́ ìgbà tí mo bá ń tòògbé! Wọ́n yà á sára ògiri, wọ́n tún kùn ún ní pupa!"

Má-kánjú wo ògiri. Àtẹ oorun Bàbá Géètì wà níbẹ̀, ó pupa fòò. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ń làágùn. "Mo sọ fún un kó ká gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn òbí ń bọ̀ lọ́la wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Ṣé ibi tí wọ́n ti máa kà á nìyẹn pé omi kì í yọ nínú ẹ̀rọ wa?"

"Àtẹ omi ṣì wà lára ògiri, ọ̀gá. Èyí tó ya ńkọ́?"

"Ìyẹn? Eré ọmọdé ni. 'Kí ló jí ọ láàárọ̀?' Aago ni, àkùkọ ni, ìyá ni."

Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n pè tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì náà.

"Mi ò débẹ̀ rárá lónìí," ló wí. "Mo ti lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tíṣà á yè é?"

"Wọ́n ní ó ń mí dáadáa."

Nọ́ọ̀sì tú èémí jáde, bí ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Má-kánjú tẹ́ àtẹ tó ya sílẹ̀, ó ní káwọn ọmọ yí i ká.

"Ẹ kọ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Inú wọn dùn. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójoojúmọ́, kálukú á lẹ bébà kékeré kan mọ́ orí ohun tó jí i. Bí bébà bá ṣe ń gun ara wọn lórí, bẹ́ẹ̀ ni òpó á ṣe máa ga.

"Orúkọ yín dà?"

"Tíṣà ní ká má kọ orúkọ, mà, kójú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ká ya àmì sórí bébà. A ò sì gbọdọ̀ sọ tiwa fún ara wa."

"Ó dáa. Kí kálukú fojú wá tirẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó jókòó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù lórí ìdúró. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni.

Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí òpó tí wọ́n pè ní "ariwo ìjà", wọ́n ti fi èékánná họ bébà kúrò. Ojú gúlúù nìkan ló kù. Ó fa ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ni àmì rẹ, ọmọ mi?"

Ọmọ náà nawọ́ mú àpò ìwé rẹ̀. Ó yí àpò rẹ̀ padà. Agboòrùn ló yà síbẹ̀.

Má-kánjú bá Nọ́ọ̀sì nínú yàrá ìtọ́jú, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó ń bínú oorun tàbí omi ì bá ya àtẹ oorun tàbí ti omi. Àmì kan ṣoṣo lẹni yìí ń wá. Ará ilé ọmọ náà nìkan ló lè dá a mọ̀. Ẹni náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń di orí tó fọ́. Ẹ̀yin ni, Nọ́ọ̀sì."

Báńdéèjì ń yí lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ká a, ó tú u, ó tún ká a.

"Ọkọ mi ń bọ̀ lónìí," ló sọ níkẹyìn. "Òun ló ra àpò yẹn fún un, ó mọ agboòrùn ọmọ rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ ilé ò gbọdọ̀ jáde. Èmi ló ń lù. Mi ò fẹ́ kó kan ọmọ. Mo ń họ bébà yẹn lọ́wọ́ ni tíṣà wọlé. Ó ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀, òtítọ́ lọmọ yín sọ.' Mo fà á, òun náà fà á. Ó ya, tíṣà sì ṣubú lu tábìlì. Mo dì í. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Bàbá Géètì, mo bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá lọ."

Ó fọwọ́ bojú. "Mo máa ń ti ìrọ̀rí bọ ẹnu kí ọmọ má baà gbọ́. Mo rò pé ó ń sùn, ọ̀gá. Mo rò pé ọmọ mi ń sùn."

Má-kánjú fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Mi ò lè bo ohun tí ẹ ṣe mọ́lẹ̀. Màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kíláàsì ni màá ti bẹ̀rẹ̀; inú ilé yín ni."

Ẹ̀rín ọkùnrin kan dún lọ́ọ̀dẹ̀. Ó ń kí Bàbá Géètì, ó ń kí Ọ̀gá àgbà, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọ mi dà? Wá fi iṣẹ́ rẹ han bàbá."

Má-kánjú jáde, ó dúró sáàárín wọn. Gbogbo kíláàsì ń wò. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wo obìnrin ọlọ́pàá. Kò lọ.