Káàdì Karùn-ún

"Hàfísátù, ṣé o rí i?" ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ bi mí.

Ọdún 1956 ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí ń ṣèwádìí bí ojú awakọ̀ òfuurufú ṣe ń mọ bí òun ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Ó wá sílé-ìwé wa n'Ífọ̀ láti mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò bá a wọ bàálù kékeré lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń fi káàdì márùn-ún hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà dúdú sì kún inú wọn. Ó ní nínú káàdì kọ̀ọ̀kan, ìlà tín-ín-rín kan wà tí àwọn yòókù ń bò mọ́lẹ̀.

Háà, ọkàn mi ti wà lókè tipẹ́! Bí bàálù bá ti ń kọjá, màá sọ ẹrù orí mi kalẹ̀, màá máa wò ó títí ọrùn á fi máa ro mí. Ìyá mi a ní, "Ṣé òkè lo fẹ́ gbé ẹ̀gẹ́ yẹn lọ ni?"

Mo rí ìlà inú káàdì mẹ́rin àkọ́kọ́. Nínú ìkarùn-ún, n ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí àgbà bá nawọ́ sí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán, tó ní ṣé o rí i, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ìdáhùn. Ta ló tó sọ pé òun ò rí i? Yàtọ̀ síyẹn, mo fẹ́ fò.

Mo kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Apá òsì ló wà."

Kò bá mi wí. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó pe ọ̀rẹ́ mi, Ọmọ́níkẹ́. Mo jáde, láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó kan káàdì karùn-ún: "Ẹ má bínú, sà. N ò rí nǹkan kan nínú eléyìí."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ fèsì. "Awakọ̀ tó bá ní òun rí ilẹ̀ tí kò rí, á fi bàálù kọlu igi. Ìwọ lo máa bá mi lọ."

Mo sunkún títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàálù náà kọjá lórí oko wa. Mo tú ìborí mi, mo ń fì í sókè, mo kígbe títí ohùn mi fi há.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo di Ọmọ́níkẹ́ lọ́wọ́ mú. "Jọ̀ọ́, ṣé o rí mi?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "N ò rí ẹ, Hàfísá. Ewé ẹ̀gẹ́ bo gbogbo yín mọ́lẹ̀."

Ó dùn mí wọra. Ó lè ní òun rí mi, kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tó fi jẹ́ òun ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ojú yín ò bá rí i, ẹ sọ pé ẹ ò rí i, bó ti wù kí ọkàn yín fẹ́ ẹ tó. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo ṣì ń wòkè.