Ọkùnrin Tó Gbé Ọkọ́ Sílẹ̀ Lóko Àna

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi dúró lórí àpáta. Ó ká ẹsẹ̀ kejì mọ́ itan, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ sókè orí, ó dúró bí lékeléke tó ń dúró de màlúù. Oòrùn kò tíì yọ tán lẹ́yìn ìlú Ìlerò, ìrì ṣì wà lórí koríko. Àsíátù, tó ń sáré rìn bọ̀ lọ́nà oko, dúró gbọnin, ó di ìborùn rẹ̀ mú.

"Bọ̀dá, ẹ dákun, ṣé kò sí o?"

Ọkùnrin náà kò wẹ̀yìn. "Kò sí nǹkan kan. Igi ni mò ń ṣe."

"Igi kẹ̀? Igi kì í fèsì!"

Ẹ̀rín pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fi ìdí jókòó sórí àpáta. "Àǹtí, ẹ ti gé igi mi lulẹ̀."

Mákánjúọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà tẹ́lẹ̀, láti Kìṣí lọ sí Ìbàdàn, títí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dojú dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Nílé ìwòsàn ni obìnrin kan ti kọ́ ọ ní yógà, ìyẹn eré nínà ara pẹ̀lú mímí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Eré yìí ló gbé e dìde. Ẹ̀fọ́ ló wá ń gbìn létí odò, kò sì sí àárọ̀ tí kì í gun àpáta.

Ní ti Àsíátù, aránṣọ ni, ọmọ Ràsáàkì àgbẹ̀. Kò mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa lọ nílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Búrẹ́dì àti mínírà ni oúnjẹ rẹ̀, orí ìdúró ló sì ti ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí òòyì gbé e ṣubú níwájú oníbàárà, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó mirí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọdé bí èyí! Máa rìn láràárọ̀, kí o sì wá nǹkan gidi jẹ." Ìrìn náà gan-an, sísá ló ń sá a.

Kò pẹ́ tí òun náà fi ń gun àpáta. Jíjókòó ló le jù fún un.

"Di ojú. Mí sínú. Mí síta."

"Mo ti mí. Ó tán?"

"Tún mí."

"Àyà mi ń sáré."

"Jẹ́ kó sáré. Ìwọ ṣáà má bá a sáré."

"Aṣọ Ìyá Peter ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì rán..."

"Ṣé ìhòòhò ni Ìyá Peter wà?"

Àsíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Mákánjúọlá á ṣí abọ́: ẹ̀kọ ọkà bàbà gbígbóná, ẹ̀wà, gbúre tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kì í jẹ́ kó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Díẹ̀díẹ̀, òòyì náà lọ. Àmọ́ àìfararọ mìíràn wọlé. Bí ojúmọ́ bá mọ́ tí kò rí Mákánjúọlá, kò ní lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Àsíá mi," ni Mákánjúọlá wí lọ́jọ́ kan, "mò ń bọ̀ wá rí Baba."

Ìbàdí Ràsáàkì ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jẹ́ kí àlejò rẹ̀ ṣe sàlámà, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.

"Ìwọ lo máa ń na ara bí aláǹgbá lórí àpáta?"

"Èmi ni, Baba."

"Ó dára. Nílé wa, ọ̀wẹ̀ la fi ń mọ ọkọ. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá sóko mi, kí ẹ wá kọ ebè iṣu. Ọkọ ìyàwó kì í gbé ọkọ́ sílẹ̀ kí oko tó tán. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀, kó máa bá ọ̀nà lọ."

Láti ìgbà náà ni Àsíátù kò ti gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Ó rán apá ẹ̀wù mọ́ ibi ọrùn, ó tú u, ó tún rán an síbẹ̀.

"Bí o bá lọ, o lè má dìde mọ́," ló wí fún Mákánjúọlá. "Bí o kò bá sì lọ, a ti pín nìyẹn."

"Màá lọ. Àmọ́ kì í ṣe láti lọ kú."

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ́ sóko bí eṣú. Òjó, ọ̀kan nínú wọn, ló ṣáájú, ebè ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mákánjúọlá ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀, á na ẹ̀yìn, á mí.

"Ọkọ ìyàwó, ijó lò ń jó ni?" ni Òjó kígbe.

"Ẹ̀yìn mi ni mò ń bẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àsíátù, tó bá àwọn obìnrin gbé oúnjẹ wá, kò lè rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbi ìbàdí ọkùnrin náà. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó rí i pé ojú Mákánjúọlá yí padà. Mákánjúọlá gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ọkọ́ gbogbo dúró. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Baba tó jókòó lábẹ́ igi ẹmi.

"Baba, ibi tí agbára mi mọ lónìí nìyí. Bí mo bá fi kún un, arọ lẹ máa fọmọ yín fún. Màá padà wá lọ́la, àti ọ̀tunla, títí oko á fi tán."

Òjó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí lóko àna? Àsíátù ju abọ́ sílẹ̀, ó sáré gbé ọkọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ á parí rẹ̀!

"Fi sílẹ̀, Àsíá," ni Mákánjúọlá wí jẹ́jẹ́.

Gbogbo ara Àsíátù ní kó máa roko, kó ké, kó bẹ̀bẹ̀, kó ṣáà ṣe nǹkan. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mákánjúọlá, ó kọjú sí bàbá rẹ̀. Baba wo àwọn méjèèjì títí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Àsíátù ń ṣa ẹ̀fọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ibi tí ìbàdí bàbá rẹ ti tẹ̀?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ oko ni."

"Oko bàbá mi ni. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ tèmi. Gbogbo ayé ní kó sinmi, ó ní ọmọ ọkùnrin kì í sinmi níwájú àna. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wálé. Láti ìgbà náà, orí àga ló ti ń kírun. Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín. Ìyìn kò na ẹ̀yìn."

"Kí ló wá dé tó fi ní kí Mákánjú náà ṣe é?"

"Ohun tí wọ́n ṣe fún un ló mọ̀, ọmọ mi."

Wọ́n gbọ́ ikọ́ Baba nínú yàrá. Kò tíì sùn.

Nígbà tí Àsíátù gbé ẹ̀kọ dóko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mákánjúọlá nìkan ló ń kọ ebè. Baba ti wà lábẹ́ igi, ó ti ṣáájú àwọn méjèèjì débẹ̀. Lójijì, ó na ọ̀pá sókè.

"Ó tó. Wá sinmi."

"Baba, kò tíì rẹ̀ mí."

"Mo ní ó tó! Wọ́n pè mí báyìí nígbà kan, n kò gbọ́. Ìwọ, gbọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Láràárọ̀ ni ìyá ọmọ yìí ń fà mí dìde lórí ẹní. N kò fẹ́ kí ọmọ mi fi ọjọ́ ayé rẹ̀ fa ọkọ dìde. Ẹ lọ bá lèmọ́mù, kó dá ọjọ́ yìgì fún yín."

"Ebè tó kù ńkọ́, Baba?"

"Yóò wà níbẹ̀ lọ́la. Ebè kì í rìn."

Kò pẹ́ tí Baba fi gbé orí lé ìtì igi, tó sì ń hanrun. Mákánjúọlá fọ ọwọ́, ó wo Àsíátù.

"Baba ti gbà. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Èsì ti dé ètè rẹ̀, ó fẹ́ já jáde. Àsíátù kò jẹ́ kó já. Ó ṣí ewé ẹ̀kọ níwájú rẹ̀, ó tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó jókòó, ó mí sínú, ó mí síta.

"Jẹun ná," ló wí. "Mo ti jókòó tì ọ́. N kò dìde mọ́."